Òwú Tó Gba Orí Igbó-Ọrà Kọjá

Bí ènìyàn bá mú àwòṣe ayé roboto, irú èyí tí olùkọ́ jọ́gíráfì máa ń gbé sórí tábìlì, tó fi òwú tín-ín-rín so pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà mọ́ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì fa òwú náà le dáadáa, ohun tí yóò rí lè ya ọmọ Ìbàràpá lẹ́nu. Òwú náà kò gba Ìbàdàn, kò gba Ọ̀yọ́, kò gba Ìlọrin. Orí Igbó-Ọrà gan-an ló gbà kọjá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan Ìdèrè, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Benin, Niger àti Mali. Ó wọ aṣálẹ̀ Sàhárà nílẹ̀ Algeria, ó sọdá Òkun Mẹditaréníà, ó la ilẹ̀ Faransé já, ó sì dé Ìlú Ọba.

Ọ̀nà tí òwú yìí tọ́ka sí gùn tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ àyíká ayé. Nínú rẹ̀, láti Ìkẹjà dé orí Igbó-Ọrà kò tó 100 kìlómítà. Lóòótọ́, awakọ̀ òfuurufú kì í tọ òwú gérégé. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un lójú ọ̀run, ó sì máa ń yà fún ìjì àti òjò. Síbẹ̀, àríwá ni ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, àríwá Èkó náà sì ni Ìbàràpá wà.

Ọmọ Igbó-Ọrà tó fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí Lọ́ńdọ̀nù. Yóò wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta, yóò gba Ìtòrì, Ìfọ̀ àti Sángo kọjá, yóò dé Ìkẹjà, yóò tò sórí ìlà, wọn yóò yẹ ẹrù rẹ̀ wò, wọn yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò, kí bàálù tó gbé e. Bí bàálù bá gbéra tán, láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti padà dé òkè ilé bàbá rẹ̀. Bí ọ̀nà Ìlú Ọba ṣe kúrú lókè, tí kò sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, ìtàn igba ọdún ni.

Kí òyìnbó tó kó máìlì àti kìlómítà dé, ẹsẹ̀ àti ẹrù ni Yorùbá fi ń wọn ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí ìwé ń lò fún máìlì, ibùsọ̀, ibi tí a ti ń sọ ẹrù ni: ibi tí aláàárù ti dúró, tí wọ́n bá a gbé ẹrù kalẹ̀, tó mu omi, tó tún òṣùká rẹ̀ ká. Ẹni tó bá bèèrè pé ìlú kan jìnnà tó, ọ̀rọ̀ ọrùn ló ń bèèrè. Ìlú méjì lè wà ní ìwọ̀n kan náà sí ilé ẹni, kí ọ̀kan jìnnà ju èkejì lọ nítorí òkè tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀, tàbí odò tí kò ṣeé sọdá lásìkò òjò, tàbí oníbodè tí owó ẹnu bodè rẹ̀ pọ̀.

Ìlú méje ni wọ́n ń kà sí Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni. Orúkọ Ìbàràpá fúnra rẹ̀, ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ so ó mọ́ bàrà, irú ẹ̀gúsí tí ilẹ̀ náà mọ̀ ọ́n gbìn. Ẹ̀gúsí, iṣu àti àgbàdo kì í sì í dúró sóko. Ọjà ni wọ́n ń lọ, ọjà ńlá tó sún mọ́ wọn jù lápá gúúsù ni Abẹ́òkúta. Láti Abẹ́òkúta, ẹrù lè wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lórí odò Ògùn, kó máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé ọ̀sà Èkó. Bí Ìbàràpá ṣe so mọ́ òkun láyé ìgbà yẹn nìyẹn: ọrùn dé Abẹ́òkúta, omi dé Èkó.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ilẹ̀ ṣe rí nígbà náà, kó wo ìrìn Hugh Clapperton, òyìnbó ọmọ Scotland tó gba ọ̀nà Ẹ̀gbádò kọjá lápá ìwọ̀-oòrùn Ìbàràpá. Ó kúrò ní Àgbádárìgì ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1825. Ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1826 ló dé Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin. Ọjọ́ 47 nìyẹn, fún ọ̀nà tó jẹ́ pé bí a bá fà á gérégé, ó fi díẹ̀ ju 300 kìlómítà lọ. Kì í ṣe pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rìn o. Bí wọ́n bá dé ìlú kan, ọba ìlú yóò fẹ́ rí wọn, wọn yóò dúró kí i, wọn yóò fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, wọn yóò retí ẹni tí yóò sin wọ́n dé ìlú tó kàn. Ibà sì ń ṣe tirẹ̀. Kí oṣù Kejìlá tó parí, Pearce àti Morrison tí wọ́n jọ gbéra ti kú sójú ọ̀nà. Clapperton náà kú ní Sókótó ní oṣù Kẹrin ọdún 1827. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, ló gbé ìròyìn náà padà, ó sì di ọdún 1828 kó tó dé Ìlú Ọba. Ìròyìn ikú ẹni ńlá lo ọdún kan lójú ọ̀nà.

Ìtàn kejì sún mọ́ Ìbàràpá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì wọni lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣoògùn, ní apá Ìsẹ́yìn, lókè Ìbàràpá, ni wọ́n ti kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní ọdún 1821. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, ó ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn títí tó fi dé Èkó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn ará Pọtogí. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, mú ọkọ̀ náà lójú agbami, ó sì tú àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù Kẹfà ni Àjàyí fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní Freetown. Ní 1826 wọ́n mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní 1843 wọ́n fi jẹ àlùfáà níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé Abẹ́òkúta ní 1846 gẹ́gẹ́ bí Samuel Àjàyí Crowther, ìyá rẹ̀ wà láyé, wọ́n sì rí ara wọn.

Ọdún 25 ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n pínyà àti ìgbà tí wọ́n pàdé. Láti Òṣoògùn dé Abẹ́òkúta, ìrìn ọjọ́ mélòó kan ni fún ẹlẹ́sẹ̀. Àjàyí ti gba Freetown àti Lọ́ńdọ̀nù kọjá kó tó parí ìrìn náà. Àwọn tó ń ka máìlì ọkọ̀ òfuurufú lónìí kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìgbà kan wà tí ogun ló ń sọ bí ìlú ṣe jìnnà sí ìlú. Nígbà ogun Ìjàyè, láti 1860 dé 1862, àwọn Ẹ̀gbá gbèjà Ìjàyè, Ìbàdàn kọjú ìjà sí wọn, ọ̀nà tó wà láàárín wọn sì dí. Ìbàràpá wà láàárín wọn. Nígbà tí ọ̀nà bá dí, Abẹ́òkúta tí ẹsẹ̀ lè dé láìpẹ́ a di ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè dé.

Òkun ló kọ́kọ́ kúrú. Ní 1852 ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi African Steam Ship Company bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà ìjọba láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etíkun wa déédéé. Ẹ̀fúùfù kọ́ ló ń ti ọkọ̀ yìí, ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi ni. Nítorí náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, ènìyàn lè sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò dé kó tó dé. Lẹ́yìn náà ni Elder Dempster gba ojú omi náà. Lẹ́yìn ogun Hitler, ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní ọkọ̀ mélì, Accra, Apapa àti Aureol, ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Liverpool àti Èkó. Nǹkan bíi ọjọ́ 13 ni wọ́n ń lò, wọ́n a sì máa dúró ní Las Palmas, Freetown àti Takoradi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lọ́yà, dókítà àti nọ́ọ̀sì Yorùbá ayé ìgbà náà, inú ọkọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n ti kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù òtútù.

Nílẹ̀, rélùwéè dé. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta ló sì gbà. Ìbàràpá wo ojú irin náà láti ọ̀ọ́kán ni. Láti Abẹ́òkúta, ọ̀nà irin náà yà sí ìhà ìlà-oòrùn, ó gba Olókèméjì, níbi tí ìjọba ti ya igbó ọba sọ́tọ̀, ó sì forí lé Ìbàdàn. Kò wọ Èrúwà, kò wọ Igbó-Ọrà, kò wọ ọ̀kankan nínú ìlú méje náà. Ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, yálà ó rìn lọ sí Olókèméjì, tàbí kó rìn lọ sí Abẹ́òkúta. Ìdájọ́ tí ọ̀nà irin yẹn ṣe fún Ìbàràpá kò tíì yí padà títí di òní. Ìlú tí rélùwéè gbà di ìlú oníṣòwò ńlá. Ìlú tí kò gbà ń bá oko lọ, ó sì ń dúró de mọ́tò.

Mọ́tò náà dé. Bọ́lẹ̀kájà dé, ọkọ̀ onípákó tí èrò àti ẹ̀gúsí àti ewúrẹ́ jọ ń wọ̀. Ìrìn tí ẹsẹ̀ ń fi ọjọ́ méjì rìn di ìrìn ọjọ́ kan, bí táyà kò bá bẹ́, tí afárá kò bá sì wó. Ní ọdún 1955, ká ní ọmọ Èrúwà kan ń lọ kàwé ní Ìlú Ọba, ọjọ́ kan ni yóò lò láti ilé dé Apapa, yóò sì lo ọjọ́ 13 lórí omi. Nínú ọjọ́ 14 tó fi rìn, ọjọ́ kan péré ni ọ̀nà ilé gbà. Kò sí ẹni tó máa ráhùn nípa ọ̀nà Abẹ́òkúta nígbà tí òkun ń dúró dè é. Ìṣírò yìí ṣe pàtàkì, nítorí òun ni ọkọ̀ òfuurufú wá dojú rẹ̀ dé.

Àríwá ni bàálù ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1925, ọkọ̀ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tó gbéra láti ilẹ̀ Íjíbítì dé Kánò. Arthur Coningham ni olórí wọn. Ọdún 11 kọjá kí ilé iṣẹ́ Imperial Airways tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà àti èrò wá déédéé. Láti Khartoum ni wọ́n ti ń yà wá sí Kánò ní 1936, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì mú un dé Èkó. Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó nígbà yẹn kì í ṣe ọ̀nà tààrà rárá. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ sí ìlà-oòrùn dé odò Náílì, kí wọ́n tó wá ṣẹ́rí padà sí ìwọ̀-oòrùn.

Lẹ́yìn ogun Hitler, wọ́n là á gba orí aṣálẹ̀ kọjá. Ní 1950, BOAC, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Hermes sójú ọ̀nà yìí. Yóò gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, yóò mu epo ní Tripoli, yóò mu epo ní Kánò, yóò dé Èkó, yóò sì kọjá sí Accra. Ìrìn ọjọ́ 13 di ìrìn nǹkan bíi ọjọ́ kan. Owó rẹ̀ kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù, ìdí sì nìyẹn tí ọkọ̀ mélì fi ń kún síbẹ̀síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1964 dé. Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ òfuurufú tuntun kan tó ń jẹ́ VC10 gbé èrò tó sanwó fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n sì yàn fún ìrìn àkọ́kọ́ yẹn ni Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó. Kò ṣèèṣì. Nítorí irú pápákọ̀ tó wà nílẹ̀ Áfíríkà, níbi tí oòrùn mú, tí ibòmíràn ga, tí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ kò sì gùn, ni wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lẹ́yìn níbi ìrù. Ó ń sáré tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí kò bá dúró lójú ọ̀nà, kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lọ tó fi ń so Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ mọ́ Èkó.

Ọjọ́ burúkú kan wà nínú ìtàn ọkọ̀ náà tí a kò lè fò. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, VC10 ti Nigeria Airways tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù já lulẹ̀ bó ṣe fẹ́ balẹ̀ sí Èkó. Ènìyàn 87 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè.

Àwọn ọkọ̀ mélì kò lè bá wákàtí mẹ́fà díje. Accra àti Apapa lọ ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, Aureol sì ṣe ìrìn tirẹ̀ tó gbẹ̀yìn ní 1974. Nígbà tó fi di 1979, wọ́n ṣí ilé èrò tuntun ní Ìkẹjà, wọ́n sì fi orúkọ Murtala Muhammed sọ pápákọ̀ náà. Nigeria Airways fúnra rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2003. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti gbé èrò lójú ọ̀nà yìí látìgbà náà. Air Peace náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2024. Ọkọ̀ ti yí padà, ẹ̀rọ ti yí padà, epo tí wọ́n ń jó ti dín kù. Ohun kan ni kò yí padà: wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ni. Ẹni tó bá wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lónìí kò yára ju ẹni tó wọ̀ ọ́ ní 1964 lọ.

Ohun mìíràn nípa ọ̀nà yìí ni pé kì í da oorun rú. Nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí wa gan-an ní àríwá, oòrùn kan náà ló ń ràn sí wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wọn àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù, wákàtí kan péré ni wọ́n fi wà lẹ́yìn. Ọmọ Ìbàràpá tó lọ sí Atlanta, tó fò ju 9,000 kìlómítà lọ, tó sì lo wákàtí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lókè, yóò máa jí lóru fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù yóò jẹun alẹ́ lásìkò tí ìyá rẹ̀ ń jẹun alẹ́ ní Ayétẹ̀.

Kì í ṣe àwọn ará Ìbàràpá nìkan ló ń rin ọ̀nà yìí, àwọn kan ń gbà á bọ̀ wá bá wọn. Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀ ní 1963, Igbó-Ọrà sì ni ibùdó rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ń ti Ìbàdàn lọ gbé níbẹ̀, láti mọ àìsàn àgbẹ̀ ní ibi tí àgbẹ̀ wà. Láàárín àsìkò náà ni oníwádìí kan, Dókítà Patrick Nylander, ka àwọn ìbejì tí wọ́n ń bí níbẹ̀. Ó rí i pé nínú ìbímọ 1,000, nǹkan bíi 45 jẹ́ ìbejì, nígbà tó jẹ́ pé nínú gbogbo ayé, nǹkan bíi 12 ni. Nígbà tí ìròyìn yẹn tàn ká, oníwádìí, oníròyìn àti ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Láti 2018 wọ́n tún ń ṣe àjọ̀dún ìbejì níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò wọ̀nyí ló rin ìrìn tí ọmọ onílé ń rìn, tí wọ́n rìn ín sẹ́yìn: bàálù gbé wọn gba agbègbè tí wọ́n ń lọ kọjá, ó jù wọ́n sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì wá wọ mọ́tò padà sókè.

Èrúwà ní ìtàn tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Dókítà Olúyọ̀mbọ̀ Awójobí, oníṣẹ́ abẹ tó kàwé gboyè ní Ìbàdàn, wá síbẹ̀ ní 1983 láti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1986. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ ní Èrúwà lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe tó ti òkèèrè dé. Nítorí náà, ó fi ohun tó wà nítòsí ṣe é. Rímù kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó tó lára aláìsàn. Ó kú ní 2015. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀nà jíjìn lè kọ́ ọlọ́gbọ́n, kó wo rímù yẹn.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàràpá, alẹ́ tó ṣáájú ìrìn ni ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé àpótí sí àárín yàrá. Ẹ̀lùbọ́ wà nínú ọ̀rá méjì, wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì í káàkiri kó má baà fọ́n sára aṣọ. Ẹ̀gúsí bíbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti gàrí, àti irú tí wọ́n ti yan gbẹ kí òórùn rẹ̀ má baà tú ẹni fó. Ẹnì kan á fi òṣùwọ̀n oníkọ́ gbé àpótí náà sókè, gbogbo ojú á lọ sára nọ́ńbà rẹ̀. Kìlógíráàmù 23 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù gbà fún àpótí kan. Bó bá jẹ́ 25, ìyá á ní kí wọ́n yọ bàtà kúrò. Ọmọ á ní gàrí ló yẹ kí wọ́n yọ. Kóńgò gàrí kan ni wọ́n sábà máa ń yọ, ìyá á sì tún ti ìdajì rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ àpótí nígbà tí ọmọ bá lọ wẹ̀. Láyé ibùsọ̀, ọrùn aláàárù ló ń sọ bí ẹrù ṣe gbọdọ̀ wúwo tó. Òṣùwọ̀n oníkọ́ yẹn ló gba iṣẹ́ náà.

Láàárọ̀ kùtùkùtù, mọ́tò á gbéra. Àwọn tó ń gba ọ̀nà Igbó-Ọrà sí Abẹ́òkúta kì í fi kìlómítà sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní, "Ó dọwọ́ ọ̀nà." Kòtò ń bẹ, òjò ń bẹ, ìdádúró ẹnu ibùdó àyẹ̀wò ń bẹ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sángo sì ń dúró dè wọ́n níwájú. Ẹni tó gbọ́n á fi wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ fún un, nítorí bàálù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá dé Ìkẹjà, á tún lo bíi wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí bàálù bá fi máa gbéra, wákàtí tó ti lò nílẹ̀ ti ju wákàtí tí yóò lò lókè lọ. Ọmọ Èrúwà ọdún 1955 lo ọjọ́ kan nínú mẹ́rìnlá lórí ọ̀nà ilé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń lo ju ìdajì gbogbo ìrìn náà lọ kó tó kúrò ní Ìkẹjà.

Àwọn ọ̀dọ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù wo bàálù lójú ọ̀run. Àwòrán bàálù kékeré kan á máa rìn lórí máàpù, nọ́ńbà rẹ̀, gíga rẹ̀ àti eré rẹ̀ á sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú òpó yìí ni ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ dé gáréèjì láàárọ̀ lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án, kí àbúrò ọmọ náà fi ìka hàn án pé, "Màámi, wọ́n ti gbéra. Wọ́n ń bọ̀ wá sápá ọ̀dọ̀ wa." Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, wọ́n á gbójú sókè.

Ohun rere kan ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ọ̀nà irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, kìlómítà 157. Ó ní ibùdókọ̀ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ, ó sì ní òmíràn ní Agége, tí kò jìnnà sí pápákọ̀ Ìkẹjà. Ojú irin yìí náà kò wọ Ìbàràpá, gẹ́gẹ́ bí ti 1901 kò ṣe wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé Abẹ́òkúta lásìkò lè fò súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sángo dá. Ohun tó kù ni láti dé Abẹ́òkúta.

Ìdí nìyí tí ọ̀nà Igbó-Ọrà sí Abẹ́òkúta, àti ti Èrúwà sí Ìbàdàn, fi yẹ kí àwọn tó ń ṣe ètò ọ̀nà kà wọ́n mọ́ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù. Láti 1964, gbogbo ọgbọ́n àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú kò tíì yọ wákàtí kan kúrò nínú ìrìn Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n bá da ọ̀dà sí ọ̀nà méjèèjì yìí dáadáa, tí wọ́n gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń tọ́jú wọn lọ́dọọdún, wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò yọ kúrò lọ́dún àkọ́kọ́.